Odo Ni Iṣẹ́ Dìímú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn má baà sọ pé òun ò gbọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ìjàpá, kò sì sẹ́ni tó kú níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ gbé bọ̀ láti ilé ìwé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá ṣubú lórí àkàsọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "iṣẹ́". Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Ta ni ò mọ iṣẹ́?" Ohun tí òun náà rò nìyẹn. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Dìímú ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àbúrò rẹ̀ ló fi igbe sọ ọ́ lórúkọ yẹn, láìmọ̀. Akunlé làwọn méjèèjì, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn: ògiri ilé gbígbé, ògiri ṣọ́ọ̀bù, ògiri ilé ìwòsàn. Àbúrò a gun àkàsọ̀ lọ sókè, ẹ̀gbọ́n a dì í mú nísàlẹ̀. Bí àbúrò bá wá fẹ́ na apá jìnnà, a kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì í mú o!" Ojoojúmọ́ ni igbe yìí. Àwọn tó ń kọjá gbọ́ ọ títí ó fi di pé wọ́n ń kí ọkùnrin náà pé, "Dìímú, ẹ kú iṣẹ́ o," òun náà sì ń dáhùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, Dìímú ló máa ń wà lókè. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ náà, bí a ṣe ń po ọ̀dà kó má ki jù, kó má sì ṣàn jù, bí a ṣe ń yí rólà lára ògiri tí ọ̀dà ò fi ní máa kán sílẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Àfi ìgbà tí àìsàn kan kọ lù ú létí. Etí náà san, ṣùgbọ́n ó fi òòyì sílẹ̀ fún un. Bó bá wà nílẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Bó bá ti gòkè ju ìdúró èèyàn kan lọ, ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Dókítà ní kó má gun nǹkan kan mọ́. Bí ọ̀gá ṣe di ẹni tó ń di àkàsọ̀ mú fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Obìnrin tó ń ta ọ̀dà fún wọn, Ìyá Ọlọ́dà, ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò sì mọ ibi tó ń dun èèyàn. Ìgbàkígbà tó bá rí i, a ní, "Dìímú, ṣé dídi ògiri ọ̀hún mú ò tíì rẹ̀ yín? Àbí tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ilé á wó?" Dìímú a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dénú.

Ọmọ kan ló bí, obìnrin. Tíṣà Kékeré ni ìyá rẹ̀ ń pè é, torí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ ọ nílé ìwé, dandan ni kó tún un kọ́ gbogbo ilé kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyá yìí, aránṣọ ni. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni kíláàsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà Kékeré gun orí àpótí, ó wúkọ́ bí olùkọ́ wọn ṣe máa ń wúkọ́.

"Gbogbo kíláàsì, ẹ gbọ́." Gbogbo kíláàsì náà ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, àti àwọn aṣọ oníbàárà tí wọ́n fi kọ́. "Lónìí, iṣẹ́ la fẹ́ kọ́."

"Iṣẹ́?" Ìyá rẹ̀ ò gbójú sókè. "Ṣé o fẹ́ wá bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná. Nínú sáyẹ́ǹsì, tí èèyàn bá ti nǹkan, tàbí tó fà á, tàbí tó gbé e, ipá là ń pe ìyẹn. Tí nǹkan náà bá wá kúrò níbi tó wà, tó gba ibi tí a tì í sí lọ, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé a ti ṣe iṣẹ́. Bí ipá ṣe pọ̀ tó, bí ibi tó rìn dé ṣe jìnnà tó, méjèèjì la máa fi ṣírò bí iṣẹ́ náà ṣe tó."

"Tí kò bá wá kúrò níbi tó wà ńkọ́?"

"Odo!" Ó fò sílẹ̀ lórí àpótí, ó lọ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Ó tì í, ó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ògiri rìn?"

"Kò rìn, má sì jẹ́ kó rìn, a ò ní òmíràn."

"Odo nìyẹn. Mi ò ṣe iṣẹ́ kankan."

"Òógùn tó wà níwájú orí ẹ yẹn ńkọ́?"

Ọmọ náà fọwọ́ nù ún. "Olùkọ́ wa ò tíì dé ibi òógùn."

Ìyá rẹ̀ da ẹ̀rín bò ó. Eré náà ti ń dùn mọ́ ọn. Ó béèrè nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Tíṣà Kékeré ní iṣẹ́ ni, torí ibi ìtẹ̀sẹ̀ náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó béèrè nípa korobá omi tó gbé láti ilẹ̀ sórí tábìlì láàárọ̀. Tíṣà ní iṣẹ́ gidi ni, ó sì fún un ní máàkì.

"Mo gba máàkì!" Aránṣọ ń fi èjìká jó lórí ìjókòó. "Bàbá ẹ ńkọ́? Fún bàbá ẹ náà ní máàkì tiẹ̀."

Tíṣà Kékeré fi ìka kan àgbọ̀n, ó ń ronú. "Bàbá, tí ẹ bá di àkàsọ̀ mú, ṣé ó máa ń rìn?"

"Kó rìn kẹ̀?" Dìímú fi ṣíbí sílẹ̀. "Kí bàbá kékeré rẹ wá já bọ́? Látìgbà tí mo ti ń dì í mú, kò rìn tó ìbú ìka kan rí." Ó ń yangàn bó ṣe ń sọ ọ́.

"Á, odo nìyẹn, Bàbá," ọmọ náà ní. "Odo gbáko."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ṣe ń sọ pé méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin ló ṣe sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Bàbá Tíṣà! Gbogbo bí ẹ ṣe máa ń wọlé tí ẹ ní kí n wá fi omi gbígbóná jó yín léjìká, àṣé odo lẹ lọ ṣe!"

Dìímú náà rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó kù nínú abọ́, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ò kíyè sí i. Ọmọ kíyè sí i.

Ohun tó ń dùn ún níbẹ̀ ò le rárá láti yé èèyàn. Bí Ìyá Ọlọ́dà bá sọ ọ́, àwàdà ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ló sọ èyí. Ìwé ò mọ̀ ọ́n rí, wọn ò jọ jà, wọn ò jọ ṣeré. Ìwé kàn jókòó síbi tó wà, ó ṣírò gbogbo iṣẹ́ ayé, nígbà tó kan ti Dìímú, ó kọ odo. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fura tipẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn. Kò kàn rò pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé ìwé ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bó ṣe ń gbé korobá ọ̀dà lọ síbi iṣẹ́, ẹnìkan kí i láti òdìkejì òpópónà: "Dìímú, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó la ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ń kùn, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìkàwé. Ògiri rẹ̀ ga fíofío, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, wọ́n sì ti tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀ kí ọ̀dà má baà kán sí i. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n fi ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò nísàlẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Àbúrò ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo máa gùn ún lónìí."

Àbúrò wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé etí ìwọ náà ti ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n dókítà ní..."

"Dókítà ló kọ́ ọ níṣẹ́ ni, àbí èmi?"

Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ tiẹ̀ di búrọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí kò tíì ju ọmọdé lọ. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé rólà fún un, ó sì di àkàsọ̀ mú.

Dìímú gòkè. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ti gbàgbé bí òórùn ọ̀dà tútù ṣe máa ń rí lókè, tó máa ń wọ imú ju tìsàlẹ̀ lọ. Ó ti rólà bọ ọ̀dà, ó fún un dáadáa, ó yí i lára ògiri, ṣàà. Ojú ọ̀nà funfun kan yọ. Ó tún un ṣe, ṣàà. "Rólà ń rìn," ó sọ nínú ara rẹ̀. "Ẹ wá wò ó. Ó ń rìn." Ó wá na apá síbi tí kò tíì kùn.

Ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ fún yín. Bí Dìímú bá fẹ́ di àkàsọ̀ mú, yóò kọ́kọ́ ká ọ̀rá kúrò kí ẹsẹ̀ àkàsọ̀ lè kan ilẹ̀ lásán, torí ọ̀rá máa ń yọ̀. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, yóò fi ara ti àkàsọ̀, yóò sì máa wo gìgísẹ̀ ẹni tó wà lókè. Bí gìgísẹ̀ bá yí sósì, òun á fi ara sọ́tùn-ún. Àbúrò rẹ̀ ò rí èyí rí. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Òkè ló máa ń wà, ògiri ló máa ń wò. Ó di àkàsọ̀ mú bí èèyàn ṣe ń di ilẹ̀kùn mú fún àlejò, ó nàró, ẹsẹ̀ àkàsọ̀ sì wà lórí ọ̀rá.

Àkàsọ̀ rìn.

"Dì í mú!" Lọ́tẹ̀ yìí, òkè ni ẹ̀gbọ́n ti ń kígbe.

Àbúrò fi gbogbo ara lé e, àyà, orúnkún, àgbọ̀n. Àkàsọ̀ dúró. Rólà já bọ́, korobá ọ̀dà tó so kọ́ lókè dà, ó sì dà sórí àbúrò láti àtàrí dé ọrùn, ṣùgbọ́n kò yọwọ́. Ọ̀dà ń wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún.

"Ẹ di ojú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó ti kàn án. Ó ku òsì."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́ títí ẹsẹ̀ Dìímú fi kan ilẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú korobá òfìfo délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Kí ló ṣe yín?" àbúrò béèrè. Kò fi ìbínú béèrè.

Dìímú wo ilẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ odo fún un, bí kíláàsì ṣe lọ, bí ìyàwó òun ṣe gba máàkì, tí òun gba òfo.

"Tíṣà Kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rín fẹ́ gbé àbúrò, àmọ́ nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Ó ń gbọ̀n. Mi ò sì tíì dì í mú tó bí ẹ ṣe máa ń dì í mú kí n tó kun igun kan tán. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Ojoojúmọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n máa kígbe sókè pé ọwọ́ ń ro mí?"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni Tíṣà Kékeré sáré wọlé, àpò ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó rí orí àbúrò bàbá rẹ̀, ó dúró gbagidi.

"Bàbá kékeré! Ẹ ti hu ewú!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni," àbúrò ní. "Wá jókòó."

Kò jókòó. Ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, mo bi olùkọ́ wa. Mo sọ fún wọn pé mo fún bàbá mi ní odo, bàbá mi ò sì jẹun tán. Wọ́n ní ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo gbé lọ sílé, kí n wá gbé ìdajì tó kù fún yín kíákíá."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní sáyẹ́ǹsì kàn yá ọ̀rọ̀ yẹn lò ni. Ó gé e kúrú kó lè rọrùn láti wọ̀n, bí ìgbà tí Màmá bá gé aṣọ ńlá kó lè bá ẹni kékeré mu. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ló ni ín. Iṣẹ́ tí a fi ń kí èèyàn ṣì wà níbi tó wà." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n sì ti dé ibi òógùn. Wọ́n ní tí èèyàn bá di nǹkan mú tí nǹkan náà ò rìn, inú apá rẹ̀ ò dúró. Àwọn iṣan kéékèèké inú ẹ̀ ń fà, wọ́n ń tú, wọ́n tún ń fà. Agbára tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń ná, ó sì ń di ooru. Ìyẹn ló fi ń rẹ èèyàn, ìyẹn ló fi ń làágùn. Àkàsọ̀ ni kò rìn, Bàbá. Inú yín ń rìn."

Dìímú wo apá ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n lára àkàsọ̀ ńkọ́? Odo ṣì ni?"

Ọmọ náà lè purọ́ níbẹ̀. Àbúrò ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ tààrà. "Odo ṣì ni, Bàbá."

Dìímú mi orí. Ó tù ú lára díẹ̀ pé kò purọ́ fún òun.

"Ó dáa, Tíṣà," àbúrò ní, "lónìí, àkàsọ̀ rìn. Ta ló ṣe iṣẹ́?"

"Ó rìn? Ta ló wà lórí ẹ̀?"

Ọmọ náà wo àkàsọ̀, ó wo ojú ọ̀nà funfun tó wà lókè, ó wo ọ̀dà tó kán sí bàtà bàbá rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀rá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó sunkún. Nígbà tó tó, Dìímú fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Dáhùn ìbéèrè náà. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà ronú. "Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ máa ń fa gbogbo nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kì í sinmi. Tí nǹkan tó wà lókè bá dúró, kì í ṣe pé ilẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Nǹkan míì ló ń gbé e, tí ipá méjèèjì dọ́gba. Tí nǹkan náà bá wá ń bọ̀ wálẹ̀... ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Bàbá."

"Tí mo bá wá di àkàsọ̀ mú, tí kò yọ̀, tí bàbá kékeré rẹ ò já bọ́?"

"Ilẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe nìyẹn."

"Odo."

"Odo."

Ọ̀dà ń kán lórí àbúrò, tó, tó. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ikùn Dìímú, ó gba àyà rẹ̀ gòkè, ó sì bú jáde débi pé gbogbo ògiri ń dá a padà.

"Àṣé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," àbúrò ní, "ẹ má dá a padà fún un o."

Dìímú dìde. Ó ká ọ̀rá kúrò, ó gbé ẹsẹ̀ àkàsọ̀ lé ilẹ̀ lásán, ó sì pe àwọn méjèèjì kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń ṣe é: ẹsẹ̀ síbí, ara síbí, ojú sí gìgísẹ̀. Wọ́n wò ó. Àbúrò ní òun ò mọ̀ pé òun máa ń yí gìgísẹ̀. Ó po ọ̀dà mìíràn, ó gun àkàsọ̀. Kó tó ti rólà bọ ọ̀dà, ó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Tíṣà Kékeré dúró ti bàbá rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé apá rẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá àwọn iṣan tí olùkọ́ wọn sọ.

"Wọ́n ń fò, Bàbá. Mo ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣé ó ń rẹ̀ yín?"

"Ó ń rẹ̀ mí," Dìímú ní. "Ó ń rẹ̀ mí gan-an." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun ti yó.

Àbúrò yẹn gan-an ló sọ ìtàn yìí fún mi, nígbà tó wá kun ògiri ilé mi. Òkè ló ti ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ níbi tó bá ti ṣì í sọ, láìyọwọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, tèmi nìyẹn. Àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.